Bí A Ṣe Ń Ṣètò Àsè Òpin Sáà fún Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Onígbàgbọ́ ní Ìfọ̀nyìn

Orí yìí wà fún ẹ̀yin tí wọ́n gbé àsè òpin sáà lé lọ́wọ́ nínú fẹ́lóṣíìpù yín. Ó lè jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni, lẹ ti ń kàwé. Ó lè jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní agbègbè Plateau. Ẹ sì lè jẹ́ ọmọ ìlú tó ń kàwé ní Abomey-Calavi, tó ń padà wá bá ẹgbẹ́ nílé lásìkò ìsinmi. Ìdánwò ti parí, tàbí ó ku ìwé kan. Àwọn kan ti ń di ẹrù lọ sí Sakété, Pobè, Kétu àti Àjàṣẹ́. Àwọn mìíràn yóò gba Ìgolo sọdá sí Ìdí-Ìrókò lọ bá òbí wọn ní Nàìjíríà. Àwọn tó parí ẹ̀kọ́ kò ní bá yín jókòó báyìí mọ́. Iṣẹ́ yín ni pé kí ọjọ́ náà dùn, kó ní láárí, kí gbogbo ẹni tó wá sì délé ní àlàáfíà.

Òfin kan ló wà nídìí gbogbo ohun tí ẹ ó kà níbí: ẹni tí kò ní lọ́wọ́ jù nínú ẹgbẹ́ yín ni kí ẹ fi díwọ̀n àsè náà. Bí ẹni náà bá lè wá láìtijú, kó jẹun yó, kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kó sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ṣe é dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ni Pọ́ọ̀lù bá ìjọ Kọ́ríńtì fà nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 11: àwọn tó rí já jẹ ń jẹun tiwọn ṣáájú, ebi sì ń pa àwọn tí kò ní nǹkan lójú gbogbo ìjọ. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ

Ìṣirò yìí wà fún 60 ènìyàn. Bí ẹ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ pín in tàbí kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀.

*Oúnjẹ àti omi*
- Ìrẹsì kílò 8. Nǹkan bí gíráàmù 120 ìrẹsì tí a kò tíì sè ló ń yó ẹnì kan. Ìyókù wà fún àlejò tí ẹ kò retí.
- Adìẹ 8, tí ẹ ó gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 8. Èyí á fún yín ní ègé 64.
- Ẹja díndín díẹ̀ àti ẹyin sísè fún àwọn tí kì í jẹ adìẹ.
- Tòmátò, ata, àlùbọ́sà, òróró, iyọ̀ àti èròjà ọbẹ̀.
- Omi inú ọ̀rá 180, ìyẹn mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
- Zóbò tàbí ohun mímu mìíràn tí kò ní ọtí nínú.

Bí owó kò bá tó fún adìẹ, àtàsí, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, pẹ̀lú ata díndín àti ẹja, yóò yó wọn dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò fojú kéré yín nítorí rẹ̀.

*Ìdáná àti ìmọ́tótó*
- Ìkòkò ńlá méjì pẹ̀lú ọmọrí wọn, ọmọrogùn tàbí ṣíbí onígi gígùn, àti ààrò mẹ́ta tó dúró dáadáa.
- Ọ̀bẹ méjì àti pátákó méjì: ọ̀kan fún ẹran tútù, ọ̀kan fún ohun tí a kò ní sè mọ́.
- Kúlà oúnjẹ tó ní ìdérí, abọ́ 70, ṣíbí 70.
- Ike omi ńlá méjì tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, ọṣẹ, àti garawa fún omi ìdọ̀tí.

*Ibi ìpàdé*
- Gbọ̀ngàn tàbí kánópì, àga, àti ẹní fún àwọn ọmọdé.
- Máíkì àti sìpíkà kan, wáyà tí kò bó, jẹnẹrétọ̀ bí iná kò bá ṣeé gbára lé, àti tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta.

*Ààbò*
- Garawa iyanrìn méjì àti kúbùsù kan tó nípọn nídìí ààrò.
- Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì: báńdéèjì, aṣọ tó mọ́ fún dídi egbò, ibọ̀wọ́ rọ́bà, àti ìyẹ̀fun ORS fún ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì.
- Ìwé kan tí ẹ kọ nọ́ńbà sí gàdàgbà: àwọn panápaná ni 118, ẹ fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù àti ti awakọ̀ kan tó ti gbà láti dúró dè yín kún un.

*Owó*
- Ìwé àkọsílẹ̀ owó kan, àpòòwé 60 tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, àti agolo kan tí ẹ la ọmọrí rẹ̀.

ÀWỌN ÌGBÉSẸ̀

1. Ẹ dá ọjọ́, ẹ sì wá ibi (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú)

Ẹ kọ́kọ́ gba ètò ìdánwò gbogbo ẹ̀ka. Bí ẹ̀ka kan bá ṣì ní ìwé lọ́jọ́ kejì, ẹ sún àsè náà síwájú. Ọ̀sán ló dára jù: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo 11 òwúrọ̀, kí ẹ sì parí ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí márùn-ún yìí tó fún orin, oúnjẹ, eré àti ọ̀rọ̀ ìdágbére, ó sì fi ojúmọmọ sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀nà wọn jìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nípa Orò. Ìfọ̀nyìn, Sakété àti Pobè wà lára ilẹ̀ tí Orò ti ń jáde. Bí ó bá jáde, obìnrin àti ẹni tí kò sí nínú awo kì í rìn níta. Àwọn Gùn náà ní Zangbeto tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí lé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìlú mìíràn wá lọ́wọ́. Ẹ rán bùrọ̀dá kan tó jẹ́ ọmọ ìlú lọ bá àgbà àdúgbò. Ohun méjì ni kó béèrè: ọjọ́ wo ni, àti láti aago mélòó. Ibẹ̀ kọ́ ni ibi tí a ti ń jiyàn ìgbàgbọ́. Kó dúpẹ́, kó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún un.

Ẹ wo ojú ọ̀run náà. Ní gúúsù Benin, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje, tí òjò kékeré yóò sì padà láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá. Àsè òpin sáà kejì sábà máa ń bọ́ sí àárín òjò ńlá. Abẹ́ igi kò tó nígbà náà. Ẹ wá gbọ̀ngàn tàbí kánópì, kí ààrò pàápàá wà lábẹ́ òrùlé tó ga. Bí ó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́, ẹ ro gbogbo koríko gbígbẹ tó wà nítòsí ààrò kúrò kí ẹ tó dáná.

Ẹ má gbàgbé ààlà. Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Ìdí-Ìrókò sì wà lára àwọn tí wọn kò ṣí padà títí di ọdún 2022. Ohunkóhun tí ẹ bá ń retí láti òdìkejì, ì báà jẹ́ ìrẹsì, ohun mímu tàbí ẹ̀bùn, kó ti wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí kò bá dé ní ọjọ́ yẹn, ẹ ra irú rẹ̀ ní Ìgolo tàbí Àjàṣẹ́, kí ẹ má dúró dè é mọ́.

2. Ẹ gba àṣẹ

Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọgbà iléèwé, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá iléèwé fọwọ́ sí ìwé; àṣẹ tí a gbà lẹ́nu kì í pẹ́ yí padà. Ẹ lọ bá olórí àdúgbò náà, kí ẹ sọ ọjọ́, wákàtí, iye ènìyàn àti bóyá sìpíkà yóò wà. Kí ẹni tó bá lọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ bó ti yẹ, kó sì bá wọn sọ èdè ibẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ yín bá wà lábẹ́ GBEEB, ẹgbẹ́ akàbíbélì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Benin, tàbí lábẹ́ ìjọ kan, alábòójútó yín gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó kéde. Àgbàlagbà méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ gba ìwé òbí tó sọ ẹni tí yóò mú ọmọ náà wá àti ẹni tí yóò mú un lọ.

3. Ẹ kó owó jọ láìdójú ti ẹnikẹ́ni

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àsè ti ń bàjẹ́ kí iná ààrò tó ràn. Akápò á dìde, á ka orúkọ àwọn tó ti san àti àwọn tí kò tíì san. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba kò ní wá jẹun lọ́jọ́ náà. Ó lè máà wá sí fẹ́lóṣíìpù mọ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ fún olúkúlùkù ní àpòòwé kan lẹ́yìn ìpàdé, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan náà, kò gbọdọ̀ ní orúkọ lára. Ẹ sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ná àsè náà, kí ẹ sì fi kún un pé ẹni tó bá ní jù bẹ́ẹ̀ kó fi lé e, ẹni tí kò bá ní kó dá àpòòwé náà padà bó ṣe wà. Ẹ gbé agolo tí ẹ la ọmọrí rẹ̀ sí yàrá tó wà lẹ́yìn, kí wọ́n máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ju àpòòwé sínú agolo: èyí tó kún, èyí tó fúyẹ́, àti èyí tó ṣófo. Akápò àti akọ̀wé yóò jọ ṣí agolo náà, wọn yóò jọ kà á, wọn yóò sì jọ fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹ bá ń gba owó lórí fóònù, nípasẹ̀ MTN MoMo tàbí Moov Money, ẹnì kan ṣoṣo ni kó ní nọ́ńbà náà, kó má sì sọ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àyàfi akọ̀wé.

Ẹ̀bá ààlà lẹ wà, owó méjì yóò wọlé. Ẹ ya sẹ́fà sọ́tọ̀, ẹ ya náírà sọ́tọ̀, kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wà fún wọn. Sẹ́fà so mọ́ yúrò: yúrò 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957, iye yìí kò sì tíì yí padà láti ọdún 1999. Náírà lè lọ sókè tàbí kó wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, sẹ́fà ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò àsè, kí ẹ má ṣẹ́ náírà títí di ọjọ́ tí ẹ ó ná an, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ṣẹ́ ẹ sí etí ìwé. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó pamọ́ fún ohun tí ẹ kò retí. Ẹ má yá owó ṣe àsè. Bí owó bá kéré, ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹ má dín ènìyàn kù.

4. Ẹ to ètò ọjọ́ náà, ẹ sì ronú nípa èdè

Ní àyíká Ìfọ̀nyìn, ẹni mẹ́ta tó jókòó lórí àga kan lè máa sọ Yorùbá, Gùn àti Faransé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Nàìjíríà wá, tó ti bá NIFES, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ ti Nàìjíríà, rìn níbẹ̀, lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi mọ gbogbo orin rẹ̀. Ẹ yan ògbufọ̀ méjì kí ọjọ́ tó pé. Ẹ sọ fún olùdarí ètò pé kó máa sọ gbólóhùn kúkúrú, kó sì dúró fún ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn tó ń jáde gbọ́dọ̀ di ìtumọ̀, torí pé nítorí rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fi wá.

Ètò tó ṣeé tẹ̀ lé rèé:
- Agogo 11:00: àdúrà àti orin ní èdè tó ju ọ̀kan lọ.
- 11:40: ìdíje ìmọ̀ Bíbélì tàbí eré orí ìtàgé kúkúrú.
- 12:30: oúnjẹ.
- 1:45: eré: ayò, fífa okùn, ìdíje orin.
- 2:45: ọ̀rọ̀ ìdágbére àti ẹ̀bùn.
- 3:30: àdúrà fún ìrìn àjò àti ìsinmi, ìfọ̀ abọ́, ìlọsílé.

Ẹ fún ẹni tó ń jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, ìdajì wákàtí ti lọ nìyẹn. Ẹ má fi ipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ kò lọ dáadáa lè má fẹ́ dìde, kò sì yẹ kó ṣàlàyé.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀bùn, ẹ dá iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí ó sì kéré débi pé kò ní sí ẹni tí yóò fi owó ọkọ̀ rẹ̀ rà á. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe àti lẹ́tà tí a fi ọwọ́ kọ jẹ́ ẹ̀bùn gidi. Ẹ kéde bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ ra nǹkan, ẹ sì ṣètò (ọjọ́ méjì ṣáájú)

Ènìyàn méjì ni kó lọ sọ́jà, wọn yóò sì máa kọ iye ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rà á. Òṣùwọ̀n yàtọ̀ láti ọjà kan sí èkejì, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n kílò ra ìrẹsì. Ẹ ra adìẹ láàyè, kí ẹ pa á ní òwúrọ̀ ọjọ́ àsè. Bí ẹ bá ra èyí tó dì, ẹ gbé e sínú abọ́ tó ní ìdérí ní ìsàlẹ̀ fìríìjì, kí omi rẹ̀ má baà kán sórí oúnjẹ mìíràn. Adìẹ dídì tó ti yọ́ kò gbọdọ̀ tún padà sínú yìnyín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ to àga, ẹ dán máíkì wò, ẹ sì fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ọ̀nà méjì ni kó wà, kí àga má sì dí èyíkéyìí nínú wọn. Wáyà kò gbọdọ̀ kọjá níbi tí ènìyàn ti ń rìn tàbí níbi tí omi lè dé.

6. Ẹ dáná (ọjọ́ àsè)

Olórí ìdáná kan ṣoṣo ni kó wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àbá àti àṣẹ nídìí ààrò. Ẹni tó bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tó ní egbò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kó mọ oúnjẹ sè tó. Kí gbogbo àwọn tó kù fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá gé ẹran.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ ní agogo 8. Láti mọ̀ bóyá adìẹ ti jinná, ẹ mú ègé itan tó tóbi jù, kí ẹ la oríkèé rẹ̀ dé egungun. Bí omi tó jáde bá pọ́n tàbí tí ẹran bá ṣì pupa nídìí egungun, ẹ dá a padà sórí iná. Bí omi náà bá mọ́ gaara, tí ẹran sì ń yọ kúrò lára egungun, ó ti jinná. Ẹ wo ègé mẹ́ta láti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi nínú ìkòkò, torí iná kì í dé gbogbo ìkòkò ńlá bákan náà.

Ẹ má tètè gbé ìrẹsì kaná. Kó jinná ní nǹkan bí agogo 12, kí ẹ gbé e sínú kúlà bó ṣe ń gbóná, kí ẹ sì dé e. Kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì máa ń là á já nínú ìrẹsì sísè, ó sì ń pọ̀ sí i bí ìrẹsì bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Gbígbóná rẹ̀ padà kì í mú oró rẹ̀ kúrò. Oúnjẹ tó bá ti wà níta fún ju wákàtí méjì lọ láìgbóná, ẹ má fún ẹnikẹ́ni gbé lọ sílé.

7. Ẹ bu oúnjẹ

Ènìyàn mẹ́ta ni kó máa bu oúnjẹ: ọ̀kan ìrẹsì, ọ̀kan ọbẹ̀ àti ẹran, ọ̀kan omi. Ṣíbí kan náà ni kí ẹ fi bu ìrẹsì fún gbogbo ènìyàn, kó kún bákan náà, ì báà jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ni tàbí ọmọ tó dara pọ̀ ní oṣù tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣètò àsè ni kó gbà kẹ́yìn. Àwọn ọmọdé, aboyún àti aláàárẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà, lẹ́yìn náà àwọn àlejò.

Ẹ má ṣe àga ọlọ́lá tí oúnjẹ orí tábìlì rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ lè fi àga tó dára fún pásítọ̀ àti àwọn àgbà, kí sísítà kan sì gbé oúnjẹ wá bá wọn, torí ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kan náà ni kó gbé wá.

Ẹ kọ́kọ́ bu ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti àwọn tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ pamọ́. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

8. Ẹ darí eré

Ayò kò ná yín lówó, àgbà àti ọmọdé ló sì mọ̀ ọ́n. Fún fífa okùn, ẹ yan ilẹ̀ tí kò ní òkúta, ẹ wo okùn náà bóyá ó ti gbó, kí ẹnikẹ́ni má sì wé e mọ́ ọwọ́. Eré líle kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kété lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ má ṣe ìdíje ta ló máa kọ́kọ́ jẹun tán. Oúnjẹ lè há ẹnì kan lọ́fun. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀fun ẹnì kan dí, tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí kó húkọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú láàárín ejìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, kí ẹ fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì títí yóò fi jáde, kí ẹnìkan sì ti máa pe awakọ̀.

9. Ẹ mú wọn délé

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá, ibi tí wọ́n ń lọ, àti ẹni tí wọ́n ń bá lọ. Àwọn tó ń lọ sí ọ̀nà kan náà ni kó jọ lọ. Bí wọ́n bá gun zẹ́mí, ìyẹn ọ̀kadà, ẹnì kan ṣoṣo ni kó jókòó lẹ́yìn awakọ̀, kó sì dé akoto bí ó bá wà. Ẹ má jẹ́ kí sísítà kankan lọ ní òun nìkan lẹ́yìn agogo 6. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di dandan, ènìyàn méjì ni kó sin ín lọ, kó má jẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. Fún àwọn tí kò ní owó ọkọ̀, ẹ ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ láti inú owó àsè, kí akápò sì fi lé wọn lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Kí olúkúlùkù fi ìròyìn ránṣẹ́ bó bá délé. Akọ̀wé kò ní sùn títí orúkọ tó kẹ́yìn yóò fi ní àmì.

10. Ẹ jíhìn

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lẹ ìwé owó mọ́ ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lè rí i: iye tó wọlé ní sẹ́fà àti ní náírà, iye tó jáde, iye tó kù. Orúkọ ẹni tó dá owó kò sí nínú rẹ̀. Ẹ dá àga àti ìkòkò tí ẹ yá padà ní mímọ́, kí ẹ sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí àdúgbò.

ÌKÌLỌ̀

*Epo àti jẹnẹrétọ̀.* A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kpayó, epo bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì, wà káàkiri ẹ̀bá ààlà, ó sì rọrùn láti rà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n kó irú epo bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ó sì ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ tó bá a lọ. Ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ ó lò. Ẹ má gbé e sítòsí ààrò, ẹ má sì gbé e sínú gbọ̀ngàn. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ó tutù, kí ẹ tó rọ epo sí i. Ìta gbangba ni kó wà, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé, torí gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn.

*Òróró tó gbiná.* Ẹ má da omi sí i láé. Omi ló ń fọ́n iná náà káàkiri. Ẹ pa ààrò, ẹ rọra fi ọmọrí ìkòkò bò ó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Bí ọmọrí kò bá sí, ẹ fi kúbùsù tí ẹ rẹ sómi tí ẹ sì fún dáadáa bò ó.

*Ẹni tí iná tàbí omi gbígbóná jó.* Ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sí ibi tó jó náà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, epo pupa, ẹyin tàbí ògì kùn ún. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kí ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn bí ibi tó jó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, tàbí tó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ojú ara.

*Ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn àsè.* Bí ìyẹ̀fun ORS kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan. Ṣíbí náà kò gbọdọ̀ kún rékọjá etí. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ènìyàn méjì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n jẹ fún dókítà.

*Sódábì.* Ẹnìkan lè gbé ọtí yìí wọlé nínú ìgò omi. Kí bùrọ̀dá tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kó sì dá a padà fún un nígbà tó bá ń lọ. Ẹ má bá a wí níwájú èrò. Bí ó bá ti mu ún, ẹ má jẹ́ kó gun ọ̀kadà dá lọ.

*Àwòrán.* Ẹ béèrè kí ẹ tó yà. Àwòrán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ lọ sórí WhatsApp tàbí Facebook láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

- *Kíka àwọn tó san owó nìkan nígbà tí a bá ń ṣírò oúnjẹ.* Ẹ ka gbogbo ẹni tó ń wá sí fẹ́lóṣíìpù, kí ẹ fi mẹ́wàá lé e.
- *Fífi aṣọ ẹgbẹ́ ṣe dandan.* Owó aṣọ máa ń ju owó oúnjẹ lọ, àwọn tí kò lè rà á yóò sì jókòó sílé. Ẹ mú àwọ̀ kan tí gbogbo ènìyàn ti ní nílé.
- *Ìwàásù gígùn ṣáájú oúnjẹ.* Ìrẹsì á tutù, ebi á pa àwọn ọmọdé. Ẹ bá oníwàásù dá ìṣẹ́jú kí ọjọ́ tó pé.
- *Fífi gbogbo ìdáná lé àwọn sísítà lọ́rùn.* Wọn kì í rí àsè náà rárá. Àwọn bùrọ̀dá ni kó pọn omi, kí wọ́n gbé ìkòkò, kí wọ́n sì fọ gbogbo abọ́.
- *Bíbẹ̀rẹ̀ pẹ́.* Bí ẹ bá fi wákàtí kan pẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú eré. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ojúmọmọ tí wọn yóò fi rìn lọ sílé.

Ohun kan kù tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kí iléèwé tó ṣófo. Ẹ mú ìwé orúkọ gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹ fi àmì sí àwọn tí kò wá. Ẹ rán ẹnì kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa, kó lọ kí wọn. Kó má béèrè ìdí tí wọn kò fi wá. Kó béèrè bí ara wọn ṣe rí. Bí ìdí náà bá jẹ́ owó, aṣọ, èdè tàbí ọ̀nà tó jìn, wọn yóò sọ ọ́ bí wọ́n bá jókòó pẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀ láìdárúkọ, kí ẹ sì fi ìwé náà lé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó dá ọjọ́ àsè sáà tó ń bọ̀.